Omi Tí Mo Fi Fọ Síkíríìnì ní Ìgàǹdó

Ràsákì tó ń gbẹ́ kànga ló kọ́kọ́ sọ fún mi. A pàdé ní Ìkòtún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ rántí kànga ilé Alhájà tí ẹ gbé tẹ́lẹ̀ ní Ìgàǹdó? Mo sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀. Omi kan tó pọ́n bí ìyeyè ń sun jáde níbẹ̀, láti ìhà ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín ti wà." Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àwòrán ni mo ń tẹ̀. Àwọn ayàwòrán á gbé iṣẹ́ wọn wá, èmi á gbé e sára síkíríìnì, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ tí a kàn mọ́ fírémù, n ó wá fọwọ́ wọ́ ìńkì gba ara ẹ̀ sórí pépà. Bí wọ́n bá ní ogún, ogún náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ fọ àwòrán náà kúrò lára síkíríìnì níṣojú wọn, kí n má baà tẹ òmíràn pamọ́. Olóòótọ́ ni wọ́n ń pè mí.

Omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ńkọ́, tòun ti kẹ́míkà inú ẹ̀? Inú ihò kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú ọgbà Alhájà, ni mo ń dà á sí. Gọ́tà jìnnà. Ihò yẹn ò sì tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí kànga. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dà á síbẹ̀.

Nígbà tó yá, omi yí àwọ̀. Ara ń yún àwọn ọmọ ilé. Ayálégbé kan wà, Ìyá Bísí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń pa aró kàm̀pálà. Òun ni Alhájà, onílé wa, nawọ́ sí.

"Ìwọ lo ba omi mi jẹ́!"

"Alhájà, gọ́tà títì ni mò ń ru omi aró mi lọ o. Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń rìn bí ìyàwó tuntun tí mo bá ru omi náà?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń rí i lójoojúmọ́.

Alhájà yíjú sí mi. "Tiyín ńkọ́? Ibo lẹ̀ ń dà á sí?"

Mo ní, "Gọ́tà náà ni. Tirẹ̀ ni n ò mọ̀."

Ìyá Bísí kàn ń wò mí ṣá.

Wọ́n lé e jáde lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ní Àgbàdo ló wà báyìí, pé kò pa aró mọ́. Wọ́n da álọ́ọ̀mù sínú kànga, omi mọ́ lójú, gbogbo ilé ń mu ún. Èmi ń ra píọ̀ wọ́tà fún àwọn ọmọ tèmi, n ò sì sọ ìdí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí a fi kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Ràsákì ní wọ́n ṣì ń mu ún. Ó ní abiyamọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, omi ẹ̀ ló fi ń po oúnjẹ ọmọ.

Bí mo bá ní kí wọ́n má mu ún mọ́, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ọmọ yín ni, ẹnu wo ni ẹ fẹ́ kí n fi sọ ọ́ fún yín?