Igbe Tí Kò Dé Etí Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú, àtàárọ̀ tí mo ti ṣí iṣẹ́ yín wò ni mo ti ń fọwọ́ wọ́nú, inú náà ò gbà mọ́! Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ apá ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka òtútù fíríìjì ẹ̀jẹ̀ ọsibítù yẹn ni? Mo sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ: tí tẹmómítà bá dákẹ́, kó má méfò, kó figbe ta. Ẹ̀yin lẹ kọ apá tó wà lórí tèmi, tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé èyí tápá ẹni bá ká, kéèyàn tún un ṣe, èyí tápá ò bá ká, kéèyàn gbé e fẹ́ni tó wà lókè. Àbí ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ?

Lókè tiyín, aago ìkìlọ̀ nọ́ọ̀sì ló kù. Igbe tèmi ò débẹ̀. Ó dọ́dọ̀ yín, ẹ gbá a mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì, ẹ wá ń fi òtútù àná han nọ́ọ̀sì. Torí kí ni? Torí pé aago ń dún ṣáá lọ́jọ́ táwọn ọ̀gá wá wo iṣẹ́, ojú sì tì yín. Ẹ ní ẹ ó tún un ṣe tó bá yá. Ìgbà wo ló yá?

Fíríìjì kú, ojú kọ̀ǹpútà ń sọ pé ó tutù. Wọ́n gbé aláboyún dé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, wọ́n ṣí fíríìjì, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti bàjẹ́, kò ṣeé fà sí i lára mọ́. Ó kú, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ ẹ̀ jókòó sí kọ́rídọ̀, ó di báàgì aṣọ ọmọ mọ́ àyà, kò jẹ́ kẹ́nì kankan gbà á lọ́wọ́ òun.

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n wá ní ó sùn. Mo fi ìyá tó bí mi búra, kò sùn! Lọ́la ni wọ́n máa lé e, ẹ mọ̀, ẹ̀ ń wolẹ̀. Ẹ ní ká fi ṣe ọ̀rọ̀ àwa méjì, ẹ ní ẹ lọ́mọ nílé ìwé. Òun náà bímọ. Ẹ̀yin lẹ sọ mí dèèyàn níṣẹ́ yìí, ó ń dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju apá mi lọ.

Mo ti pe olùdarí ọsibítù. Àwọn ló ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ yẹn. Ẹ dìde, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.