Okùn Mọ́kànlá Lórí Igi Máńgòrò

Ìkúnlẹ̀ yìí, Bàbá Jíbọ́lá, ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, kì í ṣe Àtinúkẹ́ tó sunkún wá bá yín nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, Àtinúkẹ́ ni mo pè é. Mo pè é lánàá lójú gbogbo ilé, mo tún pè é báyìí lójú yín. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ta ló sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó? Ṣebí èmi náà ni, lọ́jọ́ tí mo wọlé yín, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, n ò sì pè é ní nǹkan mìíràn rí títí di àná. Ẹ ò wá ní béèrè ohun tó gba orúkọ náà lẹ́nu mi?

Bọ́tìnnì ni mo lọ rà lọ́jà o. Kí n tó dé, Àtinúkẹ́ àbúrò yín tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti tún yàrá ìránṣọ mi ṣe. Ó ní ó rí wúruwùru. Haba! Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ní àdúgbò Hwolshe níbí láti ìgbà tí ogun ti parí, tí n ò fi aṣọ ẹnìkan fún ẹlòmíràn rí. Ó kó pupa sórí pupa, ó kó àwọ̀ ewé sórí àwọ̀ ewé, ó tò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Ó rẹwà, n ò ní purọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ẹwà ṣe?

N ò kàwé, ẹ mọ̀. Nọ́ńbà ara téèpù ò yé mi, okùn ni mo fi ń wọn ènìyàn. Mo ta kókó kan síbi èjìká, kókó kan síbi àyà, òmíràn síbi ìbàdí, okùn yẹn náà ni màá fi di aṣọ onítọ̀hún, kò sì gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ títí màá fi rán an tán. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Obìnrin mọ́kànlá nínú kúáyà ló kó aṣọ Àjíǹde wá fún mi, aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà. Veronica ti Gyel wá, Christianah ti Kuru wá, mo wọ̀n wọ́n, wọ́n lọ. Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Àtinúkẹ́ tú gbogbo okùn náà kúrò lára aṣọ. Ó ní okùn lásán ni. Ó so wọ́n mọ́ra wọn, ó ta á láti ojú fèrèsé dé igi máńgòrò, ó sì sá aṣọ rẹ̀ lé e. Bàbá Jíbọ́lá, mo dé, mo bá àyà Veronica àti ìbàdí Christianah lẹ́yìn ilé, yẹ̀rì àbúrò yín ń fì lórí wọn.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, wallahi, èmi ò rí i rín. Kí n tó já a wálẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ti dé, gbogbo ibi tó so wọ́n pọ̀ ti le pinpin, ìka ò ràn án mọ́. Bí mo bá sì fi àlùmọ́gàjí gé e, ìwọ̀n ti kúrú nìyẹn.

Ọkọ mi ní kí n lọ tún àwọn obìnrin náà wọ̀n. Kí n sọ fún wọn pé kí ni? Pé wọ́n sá yẹ̀rì sórí ìwọ̀n wọn? Aránṣọ tó bá wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ẹ̀ẹ̀kẹta. N ò lọ. N ò sì ní bẹ Àtinúkẹ́. Ó ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. To, mo ti gbọ́. Ṣé ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́ kì í béèrè ni?

Okùn náà wà lórí maṣíìnì mi. Kí ó wá jókòó tì í, kí ó fi eyín tí mo ti ń yìn láti kékeré rẹ̀ tú u, kókó mẹ́wàá péré ló fi so wọ́n. Bó bá ti tú ìkẹwàá, màá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ilé, màá pè é ní Eyínfúnjowó, màá tún kì í kún un. Ẹ máa lọ láyọ̀, bàbá mi. Ẹ bá mi kí Àtinúkẹ́.