Omi Tútù Lẹ́sẹ̀ Alùpùpù

Bí èèyàn bá gbé ọ̀rọ̀ mì, tí ọ̀rọ̀ náà kọ̀ tí kò dà nínú rẹ̀, dandan ni kó pọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ ti Dúrótoyè pé ní ọ̀sán kan ní àdúgbò Akpakpa, nígbà tí ìjọba ìyípadà àwọn sójà ti ń rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu lásán làwọn èèyàn fi ń pe ara wọn ní kámárádì. Ikọ́ ti jẹ ọkùnrin náà tán lórí ẹní. Ọwọ́ tó ti tún alùpùpù ṣe jálẹ̀ ayé rẹ̀ kò lè gbé ife omi dúró mọ́. Ó rán Yéwándé ìyàwó rẹ̀ lọ pe Oyèníkẹ́, ìbátan Adélékan ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti di olóògbé, wá láti Agblangandan. Oyèníkẹ́ rò pé ó fẹ́ dágbére ni. Ó ra ọsàn wá fún aláìsàn, ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Fòfó, ẹ kú ìnira o," torí Fòfó ni gbogbo àdúgbò ń pe Dúrótoyè, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ẹni.

"Má kí mi," ni Dúrótoyè wí. "Tó o bá gbọ́ tẹnu mi tán, o lè gbé ọsàn rẹ padà. Oyèníkẹ́, ìyá rẹ kì í ṣe àjẹ́. Òun kọ́ ló pa Adélékan. Èmi ni mo pa Adélékan, èmi náà ni mo sì pa ìyá rẹ. Ọwọ́ ni mo fi pa ọ̀kan, ẹnu ni mo fi pa èkejì. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó lọ, torí mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n níbi tí mò ń lọ."

Ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, látorí alùpùpù kan tí òyìnbó ti gùn gbó kó tó bọ́ sọ́wọ́ bàbá Adélékan. Ẹni tó bá mọ irú alùpùpù àtijọ́ yẹn á mọ̀ pé ilé orogún ni: kabúrétọ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ọ̀kan bá sì ń mu epo àti afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ, àlàáfíà tán nínú ilé nìyẹn. Ní gbogbo Akpakpa, Dúrótoyè nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn parí ìjà. Á ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fa epo sẹ́nu kabúrétọ̀ ọ̀tún, á fi ìdí rẹ̀ sétí, á gbọ́ bó ṣe ń mí. Á tún lọ gbọ́ ti òsì. Á máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ títí èémí àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, alùpùpù á rìn yí àdúgbò ká kí irin gbóná, á padà wá kí ọ̀gá tún fetí sí i, ìgbà yẹn ni sípánà á tó kan nọ́ọ̀tì kéékèèké tó di okùn iná mú, ìyẹn okùn tí ọwọ́ ń fà kí alùpùpù tó sáré. Kó tó di ìgbà yẹn, ìka lásán ni wọ́n fi ń dè é.

Ọ̀rẹ́ ni òun àti Adélékan. Tíṣà ni Adélékan, kò sì mọ ìyá míì ju Ìbíjọkẹ́, ìyá Oyèníkẹ́, àbúrò bàbá tirẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí alùpùpù náà dún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà nílẹ̀, inú ìyá yẹn dùn débi tó fi bu omi sínú abọ́, tó dà á sẹ́sẹ̀ táyà iwájú, bí wọ́n ti ń ṣe ní Pobè ìlú rẹ̀ tí nǹkan ọmọ ẹni bá dìde. Ó ní, "Omi tútù rè é o. Tútù ni kó o lọ, tútù ni kó o bọ̀." Gbogbo ará ilé ṣe àmín.

Adélékan gun ún yí àdúgbò ká, ó padà wá. Ó yẹ kí Dúrótoyè tún fetí sí i. Àmọ́ wọ́n ti ṣí ọtí sódábì lódìkejì títì, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀. Adélékan ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé o ti fún nọ́ọ̀tì yẹn pa? Mo fẹ́ gbé e dé Ganhi lódìkejì afárá." Dúrótoyè wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "Ṣé èmi lo ń bi léèrè iṣẹ́ mi? Gbé e lọ jàre!"

"Ọtí ló ń pè mí," ni Dúrótoyè wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọtí lásán-làsàn! Ká ní mo tiẹ̀ ní iṣẹ́ míì tí mò ń kánjú lọ ṣe."

Lórí afárá ni nọ́ọ̀tì kabúrétọ̀ òsì ti tú. Okùn iná yọ kúrò láyè rẹ̀, ó há síbẹ̀, bí Adélékan ṣe ń dẹwọ́ tó, alùpùpù ò dẹ eré. Abẹ́ ọkọ̀ kámíyọ̀n tó kó sìmẹ́ńtì ló wọ̀. Wọ́n gbé òkú wọlé, wọ́n wọ́ alùpùpù wá sẹ́yìnkùlé, Dúrótoyè nìkan ló lọ wò ó. Ojú kan ló fi rí i. Ó dá okùn padà sáyè rẹ̀, ó mú sípánà. "Ìyá rẹ ń ké nínú yàrá, Oyèníkẹ́, mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀, mo sì ń fún nọ́ọ̀tì pa."

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń dọdẹ àjẹ́ kiri, tó jẹ́ pé ìyá àgbà tó bá rojú lásán ti dáràn. Rájí, tó ń ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò, gbọ́ ọ̀rọ̀ omi. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Wọ́n gbé Ìbíjọkẹ́ jókòó sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Ìyá náà wá ojú Dúrótoyè rí láàárín èrò. Ó ní, "Dúrótoyè ọmọ mi, ìwọ lo mọ irin. Bá mi sọ fún wọn pé omi lásán ni."

Rájí yíjú sí i: "Kámárádì, ṣé irin ló bàjẹ́?"

"Mo mọ̀ pé tí mo bá ní irin ni, ẹnikẹ́ni ò ní gbé alùpùpù wá bá mi mọ́, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé. Mo ní, 'Ẹ wá wò ó, gbogbo rẹ̀ le digbí. Kì í ṣe irin. Ọwọ́ ayé wà níbẹ̀.' Ìyá rẹ wò mí bíi pé èdè tí mo sọ ò yé e. Wọ́n nà án. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó ní, 'Èmi ni. Omi yẹn ni mo fi pa á.' Ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, èmi tí mo ṣe é dúró síbẹ̀, ẹnu mi mọ́ tónítóní. Wọ́n lé e jáde kúrò ní Akpakpa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Dárí jì mí, ọmọ ìyá mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Oyèníkẹ́ ní, "Ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, 'Oyèníkẹ́, èmi kọ́ o.' Mo ní ọmọ ọwọ́ nílé. Wọ́n ti ní ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Mi ò ṣílẹ̀kùn, mi ò fún un lómi. Ó ní òun á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Pobè. Kò dé Àjàṣẹ́ tó fi kú. Fòfó, ṣé irú èmi yìí náà ló fẹ́ dárí ji ẹnì kan?"

Ó dìde. Ó ní, "Ibi tẹ́ ẹ ti purọ́ yẹn, ibẹ̀ náà lẹ ó ti sọ òtítọ́." Òun àti Yéwándé gbé ọkùnrin náà jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé Adélékan. Àwọn èèyàn pé jọ. Dúrótoyè sọ gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀tì àti sódábì àti irọ́ tó pa. Àwọn tó ń gbọ́ ń mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ gbé e wọlé, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀." Òmíràn ní, "Àjẹ́ ìyá ọ̀hún ló padà wá mú un. Ẹ ò rí i pé ó ti ń ka bóròbórò?"

Dúrótoyè fẹ́ tún un sọ, ikọ́ ò jẹ́. Oyèníkẹ́ bọ́ síwájú, ó bọ́ gèlè orí rẹ̀. Ó ní, "Èmi Oyèníkẹ́, ọmọ Ìbíjọkẹ́, ara mi le, mi ò sì ka. Ìyá mi kì í ṣe àjẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé òun ni, mi ò ṣí i."

Kò sẹ́ni tó mi orí mọ́.