Katapílà Ìjọba Tí Mo Rì Sínú Oko Àna Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹlẹ́wọ̀n ni mí. Ọdún mẹ́ta ni adájọ́ òyìnbó dá fún mi, mo sì ti lo oṣù méje nínú rẹ̀. Àwa mẹ́jọ là ń sùn nínú yàrá kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kútọnu yìí, fèrèsé yàrá náà kò sì fẹ̀ ju ìwé tí mo ń kọ yìí lọ. Ní ọjọ́ tí mo dé, àwọn tí mo bá níbẹ̀ bi mí ní ohun tí mo ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tuntun. Ọ̀kan nínú wọn jí ewúrẹ́, òmíràn lu agbowó-orí. Èmi ní mo sọ katapílà ìjọba nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀ṣọ́ fi wá gbá ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bí ohunkóhun bá sọnù nínú yàrá wa, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ̀yin náà bá rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré méjì péré ló gbé mi dé ibí, kò sì sí ẹni tí kì í sọ méjèèjì lójoojúmọ́.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Mo wá sí Kútọnu nígbà tí mo di ọmọ ogún ọdún, mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, mo sì rí iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà fún ìjọba Faransé. Ọkọ̀ tí wọ́n fún mi gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí orí rẹ̀ bá yà, ó di ìgbà díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ó sì rẹlẹ̀, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: òun ló ń gbé katapílà láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ẹni tí kò bá rí katapílà rí, kí ó fojú inú wo irin tó tóbi tó yàrá kan, tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin méjì rìn dípò táyà, tó sì ní abẹ fífẹ̀ níwájú tó fi ń gbá iyẹ̀pẹ̀ àti igi lọ bí a ṣe ń gbá àgbàlá. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ yìí a máa bu ọ̀nà ọ̀dà jẹ. Nítorí náà, ohun tó ń la ọ̀nà fún gbogbo ayé kò lè dá rìn lójú ọ̀nà. Ó di kí a gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyàtọ̀ kan hàn yín níbí, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Èmi ni mo ń gbé katapílà. Ràímì ló ń wà á. Ràímì yìí jẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Agbékatapílà ló máa ń pè mí. Bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà gun ọkọ̀, a ó tẹ́ pákó nínípọn méjì sí ìdí ọkọ̀, Ràímì a sì wà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ mi bí mo ṣe lè mú un gòkè àti bí mo ṣe lè mú un sọ̀ kalẹ̀, kí òun lè ráyè kírun lákòókò. Iwájú àti ẹ̀yìn ni mo kọ́. Kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yà á, nítorí ẹni tó bá yà lórí pákó ti bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Katapílà kò sì ní òrùka roboto tí a fi ń darí ọkọ̀. Àwọn ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n sì jọra.

Ní Gbégamey tí mo ń gbé, aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Ayọ̀ka. Ọmọ Nàgó bíi tèmi ni. Bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́ ní ìhà Sẹ̀mẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé katapílà kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀, mo dúró, mo ṣe bí ẹni ń yẹ ṣéènì tí a fi dè é wò. Ayọ̀ka jáde, tápù ìwọnṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn. Kò wo ọkọ̀ mi. Katapílà ló tẹjú mọ́.

Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wa nǹkan yìí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ kìíní nìyẹn. Òtítọ́ ìbá sì tó mi, nítorí ní gbogbo Kútọnu nígbà náà, kò sí ọkọ̀ tó gùn tó tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún un bí mo ṣe ń hú igi ìrókò bí ẹni ń tu ẹ̀fọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa di ti ìgbéyàwó, ó kan ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá lè má mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ènìyàn a kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna, wọn a fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àna kì í san owó. Oúnjẹ ló ń gbé wá. Bí oúnjẹ bá ti dé, àna ti gba iṣẹ́, ó ti gba ọkọ ọmọ. Bí kò bá dé, kí ọkọ ìyàwó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé, kí ó lọ ronú.

Bàbá Ayọ̀ka ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá àbàtà tó ti di igbó. Ó ní ogún ọmọkùnrin pẹ̀lú ọkọ́ yóò tó fún un, ọjọ́ kan péré.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ ọkọ́ kọ́. Katapílà ni n ó gbé wá.”

Ó wò mí títí. “Àwọn baba wa kò fi katapílà ṣọ̀wẹ̀.”

“Wọn kò ní in ni, Bàbá.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Ayọ̀ka náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, katapílà wà lórí ọkọ̀ mi, nítorí àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a fẹ́ gbé e lọ sí Calavi. Ràímì ń lọ sọ ọmọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ ní Àjàṣẹ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà sí ìkáwọ́ mi.

Ó ní, “Agbékatapílà, ojú ni kí o fi ṣọ́ ọ. Ọwọ́ kọ́.”

Mo ní kí ó lọ ní àlàáfíà. Kí eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọlẹ̀, mo ti wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Gbogbo abúlé ti péjọ sí oko. Lẹ́yìn àwọn ènìyàn, mo rí èéfín níbi tí àwọn ìyàwó Bàbá ti ń se oúnjẹ. Mo mú katapílà sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó láìṣe àṣìṣe kankan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ abẹ kalẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síwájú. Igbó wó, igi wó, ojú ilẹ̀ mọ́ roro lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pe Bàbá Ayọ̀ka ní alánàá irin. Ìgbà tí mo dé òpin ilẹ̀ tí ó yẹ kí n yà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé n kò mọ yíyà.

Mo lè padà sẹ́yìn nígbà náà. Ẹ̀yìn wà lára ohun tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n Ayọ̀ka ń wò mí, mo sì rò pé yóò jọ ìrìn alákàn. Mo fa ọ̀pá kan, ariwo ẹ̀rọ pọ̀ sí i. Mo fa òmíràn, abẹ gòkè. Mo fa ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ náà fò síwájú bí ẹni tí agbọ́n ta. Oko ẹ̀gẹ́ Bàbá ló kọ́kọ́ lọ. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, “Ẹ̀gẹ́ ni ìyẹn! Ẹ̀gẹ́ ni!” bí ẹni pé katapílà ni kò mọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀gẹ́, ó kan àbàtà. Orí ẹ̀rọ náà tẹ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́, bí àgbàlagbà tó fẹ́ ṣan ẹsẹ̀ lódò. Nígbà náà ni mo wá rántí ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Nígbà tí omi mu mí dé orúnkún, mo fò bọ́ sílẹ̀. Kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí, ó ku páìpù èéfín rẹ̀ nìkan lókè ẹrẹ̀. Páìpù náà tú èéfín kan ṣoṣo, bí ẹni tó mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́.

Bàbá Ayọ̀ka wo páìpù, ó wo ẹ̀gẹ́, ó wò mí. Ó wá yíjú sí àwọn ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ gbé oúnjẹ padà.”

Títí dé ibí yìí, òmùgọ̀ ni mí. N kò tíì di ọ̀daràn. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa òyìnbó rí ọkọ̀ tí mo wà padà lálẹ́ lófìfo, ó béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ràímì. Ràímì ní òun fi í sí ìkáwọ́ mi. Ọ̀gá bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, “Rárá.”

Ọ̀rọ̀ kejì nìyẹn. Ràímì kò jà, kò pariwo. Ó kàn ń wò mí, èmi sì ń wo bàtà mi. Gbogbo ibi iṣẹ́ ló mọ̀ pé èmi kò mọ katapílà wà. Òtítọ́ tí mo fi pamọ́ fún Ayọ̀ka, òun náà ni mo fi bo ara mi lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọlọ́pàá mú Ràímì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá ẹ̀rọ náà. Wọ́n gbà pé wọ́n ti gbé e kọjá sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àwọn aṣọ́bodè ń tú apẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin tó ń lọ sí Àgbádárìgì, wọ́n ń fi ọ̀pá gún gààrí wọn, bóyá katapílà wà nísàlẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀bá oko Bàbá Ayọ̀ka kọjá láìbi ará abúlé kankan, lékeléke sì bà lé páìpù, ó ń wò wọ́n. Mo gbọ́ pé wọ́n ń na Ràímì kí ó lè jẹ́wọ́. Mo gbọ́, mo sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ nìkan ni n kò rí ẹ̀rín kankan fi sí nínú ìtàn yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Bàbá Ayọ̀ka wá bá mi ní Gbégamey, òun àti ọmọ rẹ̀. Kò jókòó.

“Ta ni wọ́n tì mọ́lé?”

“Ràímì ni, Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi.”

“Ṣé òun ló wa irin wọ àbàtà mi?”

Bàtà mi ni mo tún ń wò. Ó ní, “Ẹ̀gẹ́ mi yóò hù padà. Irin ìjọba, ìjọba yóò ra òmíràn. Ṣùgbọ́n n kò bí ọmọ tí n ó fún ẹni tó ń rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ jẹ ẹgba fún un.”

Ayọ̀ka wá béèrè ohun tó ti béèrè lọ́jọ́ kìíní, pé ṣé èmi ni mò ń wà á.

“Rárá,” ni mo wí. “Èmi ni mò ń gbé e. Ràímì ló ń wà á.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Mo rí i pé òun lo ń wò, o kò wo ọkọ̀ mi.”

Ó ní, “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń wò ó kí ó má baà já lu ìsọ̀ mi ni.”

Mo dìde, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tí mo bá níbẹ̀ kò gbà mí gbọ́. Ó ní gbogbo ènìyàn ló sọ pé n kò mọ ẹ̀rọ náà wà. Mo ní ìdí tó fi wà nínú omi nìyẹn.

Wọ́n tú Ràímì sílẹ̀, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti èmi mọ́lé. Ọ̀gá òyìnbó wá ní òun kò ní gbé irin kejì lọ fi ṣe ẹlẹ́gbẹ́ fún èyí tó ti rì. Ọwọ́ ènìyàn ni wọn yóò fi gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ tó láti fà á. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kó àwa ẹlẹ́wọ̀n ogójì lọ sí Sẹ̀mẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. A la ojú omi fún àbàtà, a ṣán igbó tó kù kí a lè rí ọ̀nà, a sì kó ẹrẹ̀ tí a gbẹ́ tẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà, títí ó fi dúdú tó sì lọ́ràá. Ogún ènìyàn ni Bàbá béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí.

Ràímì ló ń tọ́ wa sọ́nà níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sí etí kòtò, ó ní, “Agbékatapílà, ẹ gbẹ́ apá ọ̀tún.”

Mo bi í pé ọ̀tún ibo.

Ó ní, “Ọ̀tún tí ìwọ kò mọ̀ yẹn.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ẹ̀ṣọ́. Èmi sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti bo ojú gbogbo wa, kò sí ẹni tó mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a parí ilẹ̀ náà. Bàbá Ayọ̀ka rìn yí i ká, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó lọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo rí èéfín. Lẹ́yìn náà mo rí Ayọ̀ka àti àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Ẹ̀ṣọ́ dá wọn dúró, ó ní ìjọba ló ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Bàbá ní, “Oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kọ́. Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ìwọ náà jókòó.”

Ẹ̀ṣọ́ wo igbá, ó wo Bàbá, ó jókòó. Ayọ̀ka gbé tèmi wá bá mi. Ó yọ tápù kúrò lọ́rùn, ó wọn èjìká mi, ó ní mo ti rù, àti pé òun yóò fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó mi fún ọdún méjì ó lé díẹ̀ tó kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe rò pé ó parí sí rere, kí ẹ wá fara wé mi. Àpá ẹgba tó wà lẹ́yìn Ràímì, orúkọ mi ló yẹ kí ó jẹ́, kò sì sí ọ̀wẹ̀ tó lè ro ó kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi yín pé ẹ̀yin lẹ ń wà á, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní kíá, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹni tó ń wà á. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbé nǹkan kò kéré. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò fa katapílà náà jáde. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, Ràímì ni yóò wà á gun ọkọ̀. Ó ti sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé òun kò fẹ́ ẹlòmíràn: èmi ni kí n tẹ́ pákó.