Mú Ọwọ́ Wá

Nígbà tí mo ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, Bímpé ọmọ mi, ìyá mi kì í béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé àlàáfíà ni mo wà. Ọwọ́ mi ló máa ń wò.

Gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí n wá máa bá nọ́ọ̀sì kan gbé ní Igbóbì. Mò ń fọṣọ, mò ń pọn ọmọ, mò ń lọ aṣọ... Áyọ́ọ̀nù eléèédú ayé ìgbà yẹn, ta ló tún mọ̀ ọ́n lónìí? Bí ìyá mi bá wá wò mí, tó bá ti gbé èlùbọ́ kalẹ̀ báyìí, á ní, "Mú ọwọ́ wá." Lójú ọ̀gá mi o! Á tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi, á yí i padà bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

Lọ́jọ́ kan, ó bá egbò iná lẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo ní, "A dúpẹ́, Màmá. Omi gbígbóná ló ta sí mi." Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó kọjú sí ọ̀gá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi ọmọ yìí fún yín. Tọwọ́tẹsẹ̀ náà ni mo fẹ́ gbà á." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la ti dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi níbí, ní òpópónà Bajulaiye.

Ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹsẹ̀ ìyá lè dé ibi tí ọmọ wà. Rónkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ọdún kejì rèé tó ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá. Ọ̀gá rẹ̀ ti gba páásìpọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò wo ni mo fẹ́ wọ̀ débẹ̀?

Èmi náà ni mo kọ́ Rónkẹ́. Mo ní ohunkóhun tó bá dé, "a dúpẹ́" ni kó máa wí. Ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í pàtẹ ìyà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè: "A dúpẹ́, Màmá." Inú mi á dùn, n ó fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tí mo fi parọ́ fún ìyá mi, òun ni mo dì fún ọmọ mi lọ. Háà!

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí ojú rẹ̀ ṣe hàn lórí fóònù, ó kàn wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Rónkẹ́, mú ọwọ́ wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin màmá yìí! Ṣé ẹ fẹ́ fi àkàrà sí i látinú fóònù ni?"

"Mo ní mú un wá."

Ó na ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Òsì ńkọ́?"

"Òun ni mo fi di fóònù mú, Màmá."

Mo ní ó dáa, Ọlọ́run ṣeun... Ìgbà tó pa fóònù tán ni mo tó rántí: fóònù yẹn ò mì rárá. Ó gbé e ti nǹkan ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é. Kò wọlé.

Ìwọ wá ń sọ pé ejẹ́ǹtì tó ń múni lọ síbẹ̀ ní ìwọ náà lè lọ lóṣù tó ń bọ̀. O ti dàgbà, mi ò lè so ẹsẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ, tí mo bá ní ṣé dáadáa ni, má sọ "a dúpẹ́" fún mi. Ibi tó ń dùn ọ́ ni kó o sọ. Ayé ti yí, ọmọ mi. Ẹnu rẹ nìkan ni n ó máa fi yẹ̀ ọ́ wò.

Sún mọ́ mi. Mú ọwọ́ wá... Méjèèjì. Jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe rí kó o tó lọ.