Ìgbà Tí Ajá Náà Kú Ni Mo Tó Wọ̀n Ọ́n

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, bó o bá fẹ́ di dókítà ẹranko, tàbí tó jẹ́ pé ọmọ rẹ ló fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kọ́kọ́ gbọ́ èyí: má ṣe gba iye kílò kankan gbọ́ tí kì í bá ṣe ìwọ fúnra rẹ lo wọ̀n ọ́n. Ì báà jẹ́ àgbà ló kọ ọ́. Ì báà jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bíi tèmi. Pàápàá bó bá jẹ́ èmi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú, ó sì ti tó gẹ́ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jáde báyìí, torí mi ò mọ̀ bóyá àyè ṣì wà.

Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí ajá kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ bù mí jẹ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Ojú tì mí láti sọ, mo fi aṣọ wé e fún ọjọ́ márùn-ún kí n tó lọ gba abẹ́rẹ́. Dókítà tó ń tọ́jú èèyàn wo ọwọ́ náà, ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá o. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Kí la ń wò? Èmi mọ ohun tí à ń wò. Mo ti rí ajá dìgbòlugi rí, mo mọ bó ṣe máa ń parí. Látìgbà náà, bí mo bá jí, màá bu omi sínú ife, màá tẹjú mọ́ ọn kí n tó gbé e sẹ́nu. Ẹni tí àrùn náà bá mú kì í lè gbé omi mì, ṣùgbọ́n títí di òní ó ṣì ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwà rere ló mú mi jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ni.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni dídi ẹranko mú ní ilé ìwòsàn ẹranko. Èmi ni mò ń fọ ilẹ̀, èmi ni mò ń fọ àgò, èmi náà ni mò ń wọn ẹranko. Òṣùwọ̀n ńlá tó yẹ kí ajá gùn ti bàjẹ́ tipẹ́, ti èèyàn ló kù. Ohun tí à ń ṣe ni pé màá gbé ajá mọ́ra, màá gun òṣùwọ̀n náà tòun ti ajá, lẹ́yìn náà màá yọ kílò tèmi kúrò. Kílò àádọ́rin ni mí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wa dókítà a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bọ̀dá, ẹ má jẹun jù o, ẹ ó ba ìṣirò wa jẹ́." Ohun tó bá kù ni màá fi pẹ́ńsù kọ sórí káàdì ẹranko náà, òun ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ kó gbà. Pẹ́ńsù la fi ń kọ ọ́ torí pé kílò kì í dúró sójú kan. Ẹ rántí pé pẹ́ńsù ni.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ẹranko ní kó lọ fi ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ dókítà, kí dókítà sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọlé. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ rárá. Ọmọ náà ló sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀, ó ń sín bàbá náà jẹ: "Ṣé kí n máa wí fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọmọ mi ń wo eyín ajá?" Mo bi í pé kí ló fi dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Mo ní ajá kò lè purọ́ pé inú ń run òun kó má bàa lọ síbi iṣẹ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà mọṣẹ́. Láàárín oṣù kan ó ti lè ṣí ẹnu ológbò láìjẹ́ pé ó fi èékánná ya á, ó ń wo àwọ̀ èrìgì, ó ń ka èémí, ó ń kọ orúkọ egungun sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹranko wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà Kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mí. Èmi náà fẹ́ iṣẹ́ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìwé ni mi ò rí kà dé ibì kan. Mo ti lo ọdún mẹ́tàlá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní dókítà ńlá tàbí kékeré.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kó pé ọgọ́rùn-ún tí ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe mú ajá rẹ̀ wá. Lánlọ́ọ̀dù ló ń pe ajá náà, torí ó ní bó ṣe ń rìn yí ká àgbàlá dà bíi pé òun ló ń gba owó ilé. Ó tóbi, irun rẹ̀ dí bí òwú. Nǹkan kan ti hù sí i níkùn, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà ní kí n lọ wọ̀n ọ́n. Mo mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ó sì kùn. Kò pariwo o, ó kàn kùn lábẹ́ ọ̀fun, ó sì wò mí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mò ń bẹ̀rù ajá ńlá. Mo ti fi pamọ́ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo wo káàdì rẹ̀, mo rí kílò méjìlélógójì tí mo kọ síbẹ̀ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Mo kọ déètì ọjọ́ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì mú ajá náà jáde. Ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Dókítà sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Ó ya, Dókítà Kékeré, ìwọ lo máa ṣírò abẹ́rẹ́ oorun rẹ̀ lónìí. Kí n rí i." Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà yẹ bébà ìṣirò náà wò, ó bi í pé, "Ṣé méjìlélógójì ló wà lórí káàdì?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ajá náà ló wà lọ́wọ́ mi. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn, kí ẹ̀gàn díẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Mi ò sọ ọ́. Ajá náà sùn, kò sì jí mọ́.

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jáde lọ sọ fún ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe. Ọmọbìnrin náà dojú kọ ògiri, ó ń sunkún. Èmi gbé òkú ajá náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, bí mo sì ṣe gbé e báyìí, mo mọ̀. Ó fúyẹ́. Irun lásán ló pọ̀, àìsàn ti jẹ ara rẹ̀ tán lábẹ́ irun. Mo gun òṣùwọ̀n. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo yọ àádọ́rin kúrò. Orí rẹ̀ wà ní èjìká mi, ó ṣì gbóná, kò kùn sí mi mọ́. Èyí tó burú jù lọ ló kàn. Mo mú rọ́bà, mo pa méjìlélógójì rẹ́, mo kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n síbẹ̀, mo fẹ́ ìdọ̀tí rọ́bà náà dànù, mo sì dá káàdì padà síbi tó wà.

Nígbà tí dókítà wo káàdì, ohùn rẹ̀ yí padà. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Níbo lo ti rí méjìlélógójì?" Ọmọ náà gba káàdì, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Sà, méjìlélógójì ni mo rí. Mo fi ojú mi rí i." Ó wá yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rántí dáadáa. Kí lẹ kọ?" Mò ń nu ilẹ̀. Mo ní, "Ohun tí mo kọ ló wà níbẹ̀ yẹn." Kò jà. Ó kàn ń wò mí títí dókítà fi pa ìwé rẹ̀ dé láìfọwọ́ sí i, tó ní, "Iṣẹ́ yìí kò gba ẹni tí kì í wo nǹkan, tó sì tún ń purọ́ lé e."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà mi kò sì tán síbẹ̀. Látìgbà náà, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti dé, dókítà á kó wọn jọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, á ní, "Ọmọbìnrin kan wà níbí rí, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ó pa ajá, ó sì purọ́. Ẹ má dà bíi tirẹ̀." Lọ́dọọdún. Èmi á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ológbò lọ́wọ́, màá máa mi orí.

Dókítà ni mo kọ́kọ́ sọ fún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó. Ó ní, "Àwọn ọmọ tí mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́... Ẹ lọ sọ fún un. Ẹ ní màá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, màá sì bá a dé ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra mi."

Mo rí i níbi tó ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn èèyàn. Ó dá mi mọ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá." Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí kíkùn ajá dórí rọ́bà, mo sì jíṣẹ́ dókítà. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, àwọn oníbàárà ń wọlé. Ó wá bi mí pé, "Lẹ́yìn tí mo lọ, ta ló ń wọn ẹranko?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó mi orí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, bí kò bá sì lè dárí jì mí, kó bú mi, kó ṣáà sọ nǹkan.

Ó ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ tí mo ní, mo sọ ọ́ lójú yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbọ́ ọ. Mi ò ní òmíràn."

Mo dúró. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ mi, ó gba bébà lọ́wọ́ obìnrin tó wà lẹ́yìn mi, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, kò sì wo ibi tí mo wà mọ́.