Igi Obì Tí Mo Gbìn Sóko Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó ṣépè. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí tó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún ọmọ mi. Akọ̀wé kan ní Èbúté Mẹ́ta ló ń bá mi kọ ọ́ báyìí. Kò mọ̀ mí, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbójú sókè wò mí bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹnì kan ti kú, ẹnì kejì sì ń sunkún ohun tí kò yẹ kó sunkún lé lórí. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Muṣin ni ilé ọkọ mi. Nígbà náà, oko pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ, ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi sì lọ títí dé apá Ìdí-Àràbà. Obìnrin kan wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó tọrọ ilẹ̀ tí yóò fi dáko lọ́wọ́ olórí ẹbí wa, wọ́n sì fún un. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀; mo ti pa orúkọ àwọn yòókù dà pẹ̀lú. Opó ni. Ọkùnrin tó wá bi í léèrè pé kó wá fẹ́ òun kò dín ní mẹ́ta, ó ní òun ò fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin yìí ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ojú mi rí. Fúnra rẹ̀ ló ń kọ ebè. Fúnra rẹ̀ ló ń fa ẹ̀gẹ́ tu, tó ń bó o, tó ń rin ín, tó ń yan án ní gàrí, tó sì ń rù ú lọ sọ́jà Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tí òrùlé ahéré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jò, ó lọ gé koríko wá, ó gun orí ahéré náà, ó sì bò ó. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń kí i kú iṣẹ́, mo sì ń retí kó já bọ́. Kò já bọ́.

Ọkọ mi kò fẹ́ ẹ o. Ìbá fẹ́ ẹ, ìbá sàn fún mi, nítorí mo mọ bí a ṣe ń bá orogún jà. Ìyìn ló ń yìn ín. Bó bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, kó tó bu omi mu, á ní, "Ẹ lọ wo oko obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́." Lẹ́yìn náà, á wá wo ọwọ́ mi.

Èmi náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ìyàwó ilé ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ṣe ìdajì rẹ̀, gbogbo ilé á máa ròyìn. Bó bá fẹ́ ra aṣọ, ó ti rà á. Bó bá fẹ́ lọ sílé, ó ti lọ. Èmi, kí n tó lọ kí ìyá mi ní Ìtirè, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tọrọ àyè. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tèmi ti tán pátápátá nígbà náà.

Ohun tó tún wá burú ni pé ó fẹ́ràn mi. Gàrí tó bá kọ́kọ́ yan, tèmi ni. Á ní, "Ìyá Ràfátù, ẹ tọ́ ọ wò." Mo ń jẹ ẹ́, inú ń bí mi.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tí a fún nílẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ilá àti ata. Kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Igi máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ, àlejò tó bá sì gbin obì sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti sọ pé òun ti di onílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kan tó lè tán an. Àbẹ̀kẹ́ mọ èyí dáadáa. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu, epo àti àkùkọ wá fún olórí ẹbí, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Lásísì. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ara wọn. Lásísì wá bá a ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ oko náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú ilẹ̀ báyìí, obì ni ìbá wà níbẹ̀." Àbẹ̀kẹ́ ní kó panu mọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń bá wọn ṣa igi ìdáná. Láti ọjọ́ yẹn ni èrò náà ti wọ inú mi, kò sì jáde.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, Àbẹ̀kẹ́ wà lọ́jà. Mo lọ sábẹ́ igi obì àgbà tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo hú ọmọ obì mẹ́fà pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn. Wọ́n ti tó orúnkún. Mo rù wọ́n lọ sóko rẹ̀, mo sì gbìn wọ́n sáàárín ẹ̀gẹ́ tó ti ga, níbi tí kò ti sí ohun tí yóò tún gbé Àbẹ̀kẹ́ débẹ̀ kí ó tó tó àkókò ìkórè. Òjò rọ̀ lé wọn. Méjì kú, mẹ́rin yè.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo sọ fún ọkọ mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé, "Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti ta ilẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́. Mo rí obì lóko rẹ̀."

Àwọn àgbà lọ wò ó, wọ́n sì pe Àbẹ̀kẹ́ jáde. Ó wo àwọn obì náà títí. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. Lásísì fi Kùránì búra níwájú gbogbo wa pé òun kọ́. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ fún olórí ẹbí, ó ní, "Bàbá, àbúrò mi ló ṣe é. Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo mú un wá." Wọ́n ní kó kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Ó wá sọ fún Lásísì pé kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́. Lásísì wọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya, ó lọ ń ṣe lébìrà ní rélùwéè.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé yóò dà báyìí. Mo kàn fẹ́ kó kúrò níwájú ọkọ mi ni. Mo tiẹ̀ bá a ru ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, ó sì gbàdúrà fún mi.

Wọ́n fún mi ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn síbẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àbẹ̀kẹ́ tọrọ ilẹ̀ mìíràn lápá Igánmú, kò sì ju ọdún méjì lọ tí ọkọ mi tún fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ lọ wo oko obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo retí ọjọ́ náà títí ó fi rẹ̀ mí. Irọ́ mìíràn ló dé dípò rẹ̀. Létà dé láti Mínà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́ sì sáré gbé e wá fún mi lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á fún un. Àìsàn ti dá Lásísì gúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n òun pé òun ni òun gbin obì náà, pé kó dárí ji òun, kó sì wá rí òun kí òun tó kú.

Lásísì kò gbin nǹkan kan. Ó fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́ wọkọ̀ ojú irin lọ lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ kú sí.

Nígbà tó dé, ó wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Ràfátù, ó jẹ́wọ́, mo sì ti dárí jì í. Kùránì tó fi búra èké yẹn ló ń já mi láyà. Kí ni yóò sọ níwájú Ọlọ́run?" Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣe sàráà ní Jímọ̀ Jímọ̀, kí Ọlọ́run lè fojú fo ìbúra náà. Gàrí rẹ̀ ti lọ sí i, epo rẹ̀ ti lọ sí i, ó ti pa ewúrẹ́ mẹ́rin. Ó máa ń pè mí kí n wá ṣe àmín. Mo sì ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, bó ti wù kó burú tó. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Mo wo gbogbo àwọn tí mo ní láyé, mi ò rí ẹnì kan tó lè purọ́ mọ́ ara rẹ̀ nítorí kó lè tún rí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, yóò máa tọrọ àforíjì fún ẹni tí kò ṣẹ̀ títí yóò fi kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ ìyá òun sọ lọ́jọ́ náà, òun ni òun sì lé e. Èwo nínú méjèèjì ni ìkà rẹ̀ kéré? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, ó sì ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa pa á.